Bí ẹ ṣe lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo mọ irú ẹ̀fọn tó ń jẹ yín

Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, ni mò ń sọ. Ẹ má wá tanwíjí rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn, ló pọ̀ níbẹ̀, òun ló máa ń dorí kodò nínú omi. Ẹ lọ síbi tí táyà ti gbẹ́lẹ̀, tí omi òjò dúró sí, tí oòrùn sì ń pa á. Ibi tí típà ti ń já yanrìn lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Báálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, ni mo ti ń bu tèmi. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bo omi náà o. Bí wọ́n bá ti rí i, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń rì sí. Èyí tó bá nà gbalaja sójú omi, Anopheles ni.

Omi ibẹ̀ náà ni kí ẹ fi tọ́ wọn nínú abọ́ pẹrẹsẹ. Mo máa ń lọ bisikíìtì kúnná, ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú ni mo ń fọ́n sí i láràárọ̀. Bó bá pọ̀ jù, omi á rùn, wọn á kú. Aládùúgbò kan tiẹ̀ bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀fọn tí à ń lé lẹ wá ń bọ́ ní bisikíìtì?" Bí wọ́n bá ti ká kò bí ìwọ̀, ẹ fi àwọ̀n bo abọ́ náà, wọ́n ti fẹ́ fò nìyẹn.

Anopheles máa ń gbé ìdí sókè bó bá bà. Ibi tí ojú lè mọ nìyẹn. Mo mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé mi láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n irú Anopheles (An.) mẹ́ta yìí, An. gambiae, An. coluzzii àti An. arabiensis, máíkírósíkóòpù pàápàá ò yà wọ́n. Títí di 2013, gambiae ni wọ́n ń ka coluzzii sí. Bẹ́ẹ̀ ìwà wọn yàtọ̀: arabiensis máa ń jẹ màlúù, ó sì máa ń jẹ èèyàn níta, níbi tí àwọ̀n orí ibùsùn ò dé.

Ẹ fi wọ́n sí fírísà kí wọ́n kú. Ike kan, ẹ̀fọn kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ogún ni mo dà pọ̀. Kí ọlọ́kadà tó gbé wọn dé yàrá àyẹ̀wò, ẹsẹ̀ ti já, ìyẹ́ ti já, a ò mọ ti ta ni ti ta ni. Ẹ fi hóró inú àpò kékeré tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun sísàlẹ̀ ike, kí ẹ fi òwú lé e, kí ẹ̀fọn wá wà lókè. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà. Bíró á parẹ́.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fa DNA jáde lára ẹsẹ̀ kan, wọ́n á fi PCR sọ ègé rẹ̀ kan di púpọ̀. Bí ègé náà bá gùn tó létà 315, arabiensis ni. Bó bá jẹ́ 390, gambiae tàbí coluzzii ni, ó ku àyẹ̀wò kejì: 479 ni coluzzii, 249 ni gambiae, nítorí ègé kan tí wọ́n ń pè ní SINE wà lára coluzzii tí kò sí lára ìkejì.

Bí 479 àti 249 bá jọ yọ lára ẹsẹ̀ kan, ó lè jẹ́ pé ìyá àti bàbá rẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Àwọn méjèèjì máa ń gun ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí coluzzii ṣe gba àbùdá tí kì í jẹ́ kí oògùn apẹ̀fọn pa á láti ara gambiae nìyẹn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ nu ẹ̀mú yín kí ẹ tó fà ẹsẹ̀ ẹ̀fọn mìíràn. Ẹsẹ̀ márùn-ún ṣì kù, ẹ tún òmíràn fà.