Ṣéènsọ̀ Tí Kì Í Dáhùn Bó Bá Ti Gbóná: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti gbé ṣéènsọ̀, ẹ́ńjìnnì ìgégi wọn, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì rò: "Ọ̀gá, láàárọ̀, ìfà ẹ̀ẹ̀kan ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gégi díẹ̀, tí mo pa á kí n mumi, ó tán nìyẹn." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ra kábúrẹ́tọ̀ tuntun, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀fun ti ń dùn mí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

1. Gbígbé e wá nígbà tó ti tutù.

Ọ̀sán ni àìsàn rẹ̀ máa ń dé, aago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ gbé e wá. Mo fà á, ó dáhùn, ẹ wá ń wò mí bíi pé oògùn ni mo sà sí i. Ibi tó ti kọ̀ gan-an, nínú igbó, kí ooru tó kúrò lára rẹ̀, ni kẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo, ẹ dá a padà sínú fìlà wáyà rẹ̀, ẹ fi irin ara rẹ̀ kan sìlíńdà lábẹ́ òjìji, kó jìnnà sí ihò tẹ́ ẹ ti yọ ọ́, torí epo tó ń fẹ́ jáde níbẹ̀ lè gbiná. Ẹ wá fa okùn. Bó bá ta iná dáadáa, kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná kọ́ ni. Bí kò bá ta, àmọ́ tó tutù tán tó wá ń ta, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kọ́ìlì ni, ẹ fi kábúrẹ́tọ̀ sílẹ̀ o jàre.

2. Fífa ṣóòkù nígbà tára rẹ̀ ṣì ń hó.

Atẹ́gùn ni ṣóòkù ń dí kí epo lè pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó sun ilẹ̀ mọ́jú nílò rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igi ayùnrẹ́ lulẹ̀, ẹ kàn ń fi epo rì í ni. Púlọ́ọ̀gì á tutù rinrin, òórùn epo á gba gbogbo ibẹ̀, ẹ ó máa fà á títí apá á fi fẹ́ yẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi kan fà á báyìí títí okùn fi já, ó tún ń bi mí bóyá okùn náà ni kò dáa tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti rì í, ẹ dá ṣóòkù padà, ẹ ti bíréèkì ṣéènì, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tẹ tírọ́tù rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ fà á bíi ìgbà mẹ́wàá. Bíréèkì yẹn ṣe pàtàkì, torí bó bá dáhùn, pẹ̀lú ariwo ni. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ pa súìṣì, ẹ dojú ihò rẹ̀ délẹ̀, ẹ fà á kí epo jáde, ẹ nu púlọ́ọ̀gì gbẹ.

3. Kábúrẹ́tọ̀! Kábúrẹ́tọ̀! Kábúrẹ́tọ̀!

Ta ló sọ fún yín pé gbogbo àìsàn ẹ́ńjìnnì, kábúrẹ́tọ̀ ni? Ẹ má rò pé mo bá ọgbọ́n wáyé o. Èmi náà ti jẹ gbèsè yìí rí, mo jẹ ẹ́ ju tiyín lọ.

A ń gé igi mẹ̀láínà lápá Ọmí-Àdìó nígbà náà. Owó àjọ ni mo fi ra ẹ́ńjìnnì mi, mo sì ń fẹ́lá káàkiri. Yóò gégi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, yóò kú, kò sì ní dáhùn mọ́. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo wọkọ̀ lọ sí Géètì n'Ìbàdàn, mo ra kábúrẹ́tọ̀. Nígbà tí mo máa fi padà dé, ó ti tutù, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ àná. Mo tún padà lọ ra kọ́ìlì. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ti wọgbó.

Bàbá kan tó ń bá wa ru pákó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti tú ìdérí táńkì epo ẹ wò?" Mo rọra tú u. Ó fa atẹ́gùn sínú: sùùù. Bàbá ní, "Ó yá, fà á." Ìfà kejì, ó dáhùn.

Ihò tíńtín tí táńkì fi ń mí ni lẹ́búlẹ́bú pákó ti dí. Bí epo bá ṣe ń lọ, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá wọlé, epo kò ní lọ mọ́. Agolo mílíìkì tẹ́ ẹ lu ní ihò kan ṣoṣo, ṣé ó máa ń dà? Mo fọ ihò yẹn, ó tán. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Bàbá ní kí n lọ ra ẹran kún ẹ̀bà òun, mo sì rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má já ìdérí táńkì gbígbóná ṣí wàràwàrà o. Nígbà mìíràn, inú ló ti ń ti epo bọ̀, á sì tú síni lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ẹ rọra tú u, kí ẹni tó ń mu sìgá sì lọ mu ún lọ́nà jíjìn.

Pípa á lójijì lẹ́yìn iṣẹ́ líle náà ò dáa. Fáànù rẹ̀ dúró nìyẹn, ooru sìlíńdà á sì ya lu kábúrẹ́tọ̀, epo inú rẹ̀ á hó. Ẹ jẹ́ kó máa mí jẹ́jẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ má sì gbé e sójú oòrùn.

Ẹ máa ro lẹ́búlẹ́bú kúrò láàárín eyín sìlíńdà, níbi tí atẹ́gùn ń gbà tù ú lára.

Ẹ yé fi sukúrù kábúrẹ́tọ̀ ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì wá ńkọ́? Àwọn tó fi jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ epo, ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì yín bá ní 50 sí 1, ìyẹn epo 50 sí ọ́ìlì 1, mílílítà ọ́ìlì 20 ni fún lítà epo kan, 100 ni fún kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún. Bó bá ní 25 sí 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ọ́ìlì bá kéré, písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà, á ha, bó bá sì ti gbóná, kò ní lágbára láti dáhùn mọ́. Ẹ pa súìṣì, ẹ di ọwọ́ okùn ìfà mú, ẹ fi gbé ẹ́ńjìnnì náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń wálẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń wálẹ̀, agbára ṣì wà. Bó bá já wálẹ̀ wìì, ẹ tú sáléńsà tí èéfín ń gbà jáde, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síhò tó wà níbẹ̀: ẹ ó rí písítìn tó dà bíi pé ológbò fi èékánná ya á. Kò sí kábúrẹ́tọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn.

Ẹni kẹta nínú àwọn mẹ́ta yẹn ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti dá kábúrẹ́tọ̀ àtijọ́ rẹ̀ padà, mo di tuntun náà sínú ọ̀rá fún un, mo ní kó máa gé ìtì mángòrò mi lọ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kọ̀ lójú mi. Ó ń wò mí bíi wèrè, àmọ́ ó ń gé e.