Bí a ṣe ń dá ooru tí ilé-iṣẹ́ ń dà nù padà sẹ́nu iṣẹ́

Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín: ó gbóná. Ooru tó fà kúrò lára oúnjẹ ló ń tú síbẹ̀. Pọ́ǹpù ooru, ẹ̀rọ tó ń fi iná gbé ooru láti ibi tó tutù lọ síbi tó gbóná, ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíríìjì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ mílíìkì ṣe àpẹẹrẹ, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Apá kan ń fi iná mànàmáná fa ooru kúrò lára mílíìkì, ó ń tú u sí afẹ́fẹ́ lórí òrùlé. Apá kejì ń sun gáàsì nínú bọ́ílà láti mú omi gbóná. Pọ́ǹpù ooru lè gbé ooru apá kìíní fún apá kejì.

Ẹ kọ́kọ́ mú tẹmómítà àti ìwé, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan yí ilé-iṣẹ́ náà ká. Níbo ni ooru ti ń jáde, dígírì mélòó, aago mélòó? Níbo ni wọ́n ti nílò rẹ̀? Ká ní dígírì 30 lẹ bá lẹ́yìn ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù, tí omi tí wọ́n fi ń fọ táǹkì sì jẹ́ 80.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mílíìkì tí wọ́n gbé dé dígírì 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15 kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú ṣì gbóná nígbà tó ń jáde. Ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó tutù tó ń wọlé kọjá, kí irin pẹlẹbẹ wà láàárín wọn. Ooru á ré kọjá fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ti pọ́ǹpù.

Ó wá kan ìṣirò iye ooru tí iná ẹyọ kan lè gbé wá. Ẹ fi 273 kún 80, kí ẹ lè máa kà á láti ibi tí òtútù pin sí, ó di 353. Ẹ fi 50, ìyàtọ̀ àárín 30 àti 80, pín in: bíi 7. Ẹ mú ìdajì, torí kò sí ẹ̀rọ tó pé tán: 3.5. Ìyẹn ni pé iná ẹyọ kan á gbé ooru 3.5 wá. Bí dígírì 65 bá tó, ó súnmọ́ 5. Nítorí náà, ẹni tó ní dandan ni kó jẹ́ 80 ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jiyàn. Àṣà lásán ló máa ń jẹ́ nígbà púpọ̀. Bí owó iná bá sì ju ìlọ́po 3.5 owó ooru bọ́ílà lọ, ẹ fi 80 yẹn sílẹ̀ fún bọ́ílà.

Amóníà ni wọ́n sábà ń lò láti gbé ooru káàkiri inú irú pọ́ǹpù ńlá bẹ́ẹ̀. Kì í mú kí ayé gbóná sí i, ṣùgbọ́n májèlé ni: ẹ fi agogo ìkìlọ̀ síbẹ̀, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ ra táǹkì ńlá tí ẹ ó máa tọ́jú omi gbígbóná sí pẹ̀lú, torí aago tí ooru ń jáde àti aago ìfọ̀ kì í bára mu. Ẹ má ta bọ́ílà.

Bí ooru bá ṣì kù, ẹ wo àdúgbò. Ní Helsinki, olú-ìlú Finland, lábẹ́ ọgbà Katri Vala, àwọn pọ́ǹpù kan ti ń fa ooru láti inú omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́ láti 2006, wọ́n sì ń fi í mú ilé àwọn ará ìlú móoru.