Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Jẹ Owó Nídìí Ìmúdójúìwọ̀n Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ohun tí ó ń dùn mí tó kí n rí ọ̀dọ́ oníṣẹ́ tí ó náwó nára sórí iṣẹ́ tí kò yẹ kí ó gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ bí a ṣe ń fi Windows sórí ẹ̀rọ. Ìmúdójúìwọ̀n (update) tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, ìyẹn gbígba àwọn àtúnṣe tí Microsoft ń fi síta fún Windows.

Àṣìṣe kìíní ni kí a máa fi flash àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí Windows inú flash yín bá ti pé ọdún méjì, àtúnṣe ọdún méjì ni ẹ ó fi dáta wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni Microsoft ń fi ẹ̀dà tuntun síta.

Èkejì, ẹ yẹ aago ẹ̀rọ wò, nítorí pé bí ọjọ́ inú rẹ̀ bá ṣìnà, ìmúdójúìwọ̀n lè máa kùnà lásán.

Ẹ̀kẹta ni ó ń ká mi lára jù lọ: kí a to ogún kọ̀ǹpútà kalẹ̀, kí a so gbogbo wọn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù sì máa fa fáìlì kan náà. Àkójọ àtúnṣe oṣù kan lè ju gígábáìtì kan lọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ogún, ẹ ó rí ibi tí owó ń gbà lọ. Wọ́n pè mí sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Láti àárọ̀ ni ọmọkùnrin tí ó ń ṣe é ti jókòó tì í. Nígbà tí mo wọlé lọ́sàn-án, ẹ̀rọ tí ó síwájú kò tíì dé ìdajì. Kí alẹ́ tó lẹ́, dáta ti tán. Méjì tí ó ti gba tiwọn dúró sójú kan ní 30%, àkọlé sì wà lójú wọn pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀rọ, àmọ́ ó rò pé wọ́n ti kú, ó sì fa wáyà wọn yọ. Ọ̀kan dá gbogbo àtúnṣe náà padà. Èkejì kò tan mọ́, a sì ní láti tún fi Windows sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, bí iná kékeré iwájú ẹ̀rọ bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ fún un láyè.

Ohun tí ó yẹ kí ọmọkùnrin náà ṣe kò le. Ẹ mú kọ̀ǹpútà kan dójú ìwọ̀n tán pátápátá, ẹ fi Sysprep, irinṣẹ́ tí ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, yọ ohun tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ yẹn nìkan kúrò, kí ẹ sì da ẹ̀dà rẹ̀ sórí àwọn yòókù. Bí àwọn ẹ̀rọ náà kò bá jọra, ẹ gba fáìlì oṣù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí Microsoft Update Catalog, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí Microsoft ń kó àwọn àtúnṣe sí, kí ẹ sì máa fi flash gbé e kiri. Láti ìgbà tí Windows 10 ti jáde ní 2015, àkójọ tuntun máa ń kó ti àwọn oṣù tí ó ṣáájú mọ́ra, nítorí náà ẹ má kó wọn jọ níkọ̀ọ̀kan. Bí Catalog bá kó fáìlì méjì sílẹ̀ fún Windows 11 24H2 (24H2 ni orúkọ ẹ̀dà rẹ̀), ẹ gba méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n sínú fóldà kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ winver, àṣẹ tí ó ń fi ẹ̀dà Windows inú ẹ̀rọ hàn, torí fáìlì 23H2 kò ní wọ 24H2.

Mo tún ń rí àwọn tí ó ń pa ìmúdójúìwọ̀n pátápátá kí dáta má baà lọ. Ní oṣù kẹta 2017 ni Microsoft fi àtúnṣe tí ó dí ihò tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ó ń ti fáìlì pa láti gba owó, ń gbà wọlé síta. Ní oṣù karùn-ún ni WannaCry jà, ó sì ba ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe náà jẹ́, títí dé ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sún un síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan bí ẹ bá fẹ́, ẹ má pa á.

BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa kí olè má baà ka inú rẹ̀, ni èmi fúnra mi jìyà rẹ̀. Mo fi àtúnṣe BIOS, ètò tí ó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé, sórí ẹ̀rọ oníbàárà kan láì kọ́kọ́ dá BitLocker dúró. Bí ó ṣe tún tan, ojú búlúù kan yọ, ó ń béèrè nọ́ńbà onídíjíìtì 48, oníbàárà náà kò sì mọ̀ pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wà. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà. N kò sùn mọ́jú, títí a fi rí i nínú àkáǹtì Microsoft rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní báyìí, n kì í fọwọ́ kan BIOS láì tíì rí nọ́ńbà yẹn lórí ìwé.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tún tan, ẹ tún tẹ bọ́tìnì àyẹ̀wò (Check for updates), nítorí pé àwọn àtúnṣe kan kì í yọjú títí èyí tí ó ṣáájú wọn yóò fi wọlé tán.