Ẹ Yé Fi Owó Ṣòfò Lórí Kọ̀ǹpútà Láàbù

Ẹ dúró díẹ̀ ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Core i7 ni?" Ẹni tó ń béèrè kò tíì mọ sọ́fítíwíà tí yóò fi tú èsì láàbù rẹ̀ palẹ̀, ó ti ń ka owó. Ohun tí sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é, ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní "minimum", kó ṣáà lè ṣí ni. "Recommended" ni ti iṣẹ́.

1. Orúkọ ni wọ́n ń rà. Chip Intel i7-2620M ti wà láti 2011, core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò) méjì ló ní. i5-8250U jáde ní 2017, mẹ́rin ló ní, ó sì fi i7 yẹn sílẹ̀ jìnnà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì kékeré (-) inú orúkọ náà ló ń sọ ìran rẹ̀; láti ìran kẹwàá, méjì àkọ́kọ́ ni. Bí Intel kò bá tó ìran kẹjọ, Windows 11 kì í sábà gbà á, Microsoft sì ti pa Windows 10 tì láti Oṣù Kẹwàá 2025.

2. Windows 32-bit: kò lè lo ju 4 GB RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) lọ. Ẹ fi sílẹ̀.

3. RAM. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà o. Bí ẹ bá ń lo R, sọ́fítíwíà ìṣirò dátà, inú RAM ni gbogbo dátà ń wọ̀. Nọ́ńbà kan tó ní ẹ̀sún (bíi 2.5) ń gba báìtì 8. Ìlà mílíọ̀nù 5 nínú òpó 20 jẹ́ nọ́ńbà mílíọ̀nù 100, ìyẹn 800 MB. Ẹ wá tò ó, ẹ pa á pọ̀ mọ́ tábìlì mìíràn, R yóò ṣe ẹ̀dà. 800 di 1,600, ó di 2,400. Lórí ẹ̀rọ 4 GB tí Windows àti Chrome ti jẹ ìdajì rẹ̀, ẹ ó rí "cannot allocate vector". Wọn a ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọn a gbé e lọ fọ́mátì. Kí ni fọ́mátì fẹ́ fi kún RAM? 16 GB ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, lẹ́yìn náà Memory. "1 of 2" níwájú Slots used túmọ̀ sí pé àyè wà láti fi kún un. Bí Form factor bá jẹ́ "Row of chips", wọ́n ti sábà jó o mọ́ bọ́ọ̀dù nìyẹn. RAM irú DDR3 kò sì lè wọ ojú DDR4.

Fún ìyára, SSD (ibi ìpamọ́ tí kò ní dísìkì tó ń yí) 256 GB sàn ju háàdì dísìkì 1 TB lọ.

Okùn tó so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló ṣì ń lo ojú okùn àtijọ́ RS-232 oníhò mẹ́sàn-án, láàpùtọ́ọ̀pù tuntun kì í sábà ní in. Ẹ má ra okùn USB tó ń so ó mọ́ láàpùtọ́ọ̀pù tó pọ́ọ́kú jù: tí chip Prolific inú rẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú, dráífà yóò kọ̀ ọ́, "Code 10" ni ẹ ó rí nínú Device Manager. Ẹ béèrè èyí tó ní chip FTDI. Ẹ yí nọ́ńbà COM (orúkọ tí Windows fún ojú okùn náà) padà sí 1 sí 4, torí sọ́fítíwíà àtijọ́ mìíràn kì í wò kọjá ibẹ̀. Kí baud rate (ìyára tí dátà fi ń gba okùn) ìhà méjèèjì bára mu. 9600 ló wọ́pọ̀. Bí kò bá bára mu, lẹ́tà játijàti ni yóò dé.

Ẹ fi Sleep sí Never, ẹ dá Update dúró kí àyẹ̀wò gígùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà nílò UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró bí NEPA bá mú un), kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ má sì so fíríìjì tàbí centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi àyẹ̀wò kíákíá) mọ́ UPS kan náà, mọ́tò wọn lè gbé e wó lẹ́ẹ̀kan náà.