Ẹ ṣa ẹ̀pà àti àgbàdo yín kí ẹ tó lọ̀ ọ́
Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ni mo gbé wá, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀pà àti àgbàdo lọ́jà Kétu.

Tí ẹ̀pà tàbí àgbàdo bá bu, májèlé kan lè wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ gan-an ló máa ń bà jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé iná á pa á: sísè tàbí díndín kì í mú un kúrò tán.

Ẹ da ẹ̀pà sórí atẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ fọwọ́ ṣà á. Èyí tó dúdú, tó hunjọ, tàbí tó ní nǹkan aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun lára, ẹ dà á nù. Ẹ má fi ṣe kúlíkúlí, ẹ má sì fún adìẹ jẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, owó ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kórè, ẹ má sá a sórí ilẹ̀ lásán, ẹ tẹ́ ẹní. Tó bá gbẹ dáadáa, ẹ gbé àpò rẹ̀ sórí pákó.

Ewu yìí tún pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ní hepatitis B, àrùn kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà.