Bí ẹ ó ṣe mọ ibi tí òfin kà yín sí ọmọ ìbílẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó ti ọmọbìnrin aládùúgbò wa ní ilé oníkọ̀ǹpútà kan ní Kubwa, ní Abuja, bí ó ti ń kún fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ tí ó ti wá, ó mú Abuja. Nígbà tí wọ́n béèrè ìjọba ìbílẹ̀, ó mú Bwari. Mo ní, “Ṣé Ìsẹ́yìn kọ́ ni bàbá rẹ ti wá ni?” Ó ní, “Ìsẹ́yìn ni, mà. Ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo ti kàwé, mi ò sì tíì sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí ní Ìsẹ́yìn.” Kò purọ́ rárá, àmọ́ ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń béèrè kọ́ ni ó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí ìbéèrè náà ni àwọn amòfin ń pè ní indigene, tí àwa ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀ tàbí ọmọ onílùú. N kò ní pè é ní ọmọ onílẹ̀, nítorí pé lẹ́nu ẹni tí ó ti ra ilẹ̀ rí, ìyẹn ti di orúkọ àwọn tí ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé. “Ọmọ bíbí ìlú” pàápàá lè ṣini lọ́nà, torí pé etí ọmọ tí a bí sí Abuja yóò gbọ́ “bíbí,” yóò sì rò pé ibi tí ìyá òun ti rọbí ni à ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé òfin fúnra rẹ̀. Nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 147, ẹsẹ kẹta, pa á láṣẹ pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni náà sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Òfin náà lo ọ̀rọ̀ yìí, kò sì túmọ̀ rẹ̀. Ibi tí ìtumọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ wà ni abala 318, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ó túmọ̀ sí pé ènìyàn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, jẹ́ ara àwùjọ tí ó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ẹ tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí a bí ènìyàn sí níbẹ̀, kò sí iye ọdún tí ó ti gbé, kò sí owó orí tí ó ti san. Ìran nìkan ni. Ìran ìyá sì wọ̀n bákan náà pẹ̀lú ti bàbá, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi kọ́ ọmọ.

Kò fi ìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ ní Àríwá. Láyé àwọn Òyìnbó, Sabon Gari ni wọ́n ya sọ́tọ̀ fún àlejò ní Kano, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá gbé. Títí di òní, àwọn Hausa ṣì ń ya ọmọ ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí “baƙo,” ìyẹn àlejò. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Àríwá gbé ìlànà kalẹ̀ pé ọmọ Àríwá ni kí ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ìjọba. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1962 ka ènìyàn sí ọmọ ìbílẹ̀ bí bàbá rẹ̀ bá wá láti inú ẹ̀yà kan tí ó jẹ́ ti Àríwá, bàbá nìkan. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 ni ó sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí a má ṣe kó ipò ìjọba jọ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀, tí a ń pè ní federal character, wọ́n sì dá àjọ tí ń bójú tó o sílẹ̀ ní 1996. Láti ìgbà náà ni ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń jẹ́rìí sí ibi tí ènìyàn ti wá, ti di ohun tí a kò lè fi ṣeré.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ béèrè ìran yín lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣì wà láyé: ìlú bàbá, ìlú ìyá, ìlú àwọn òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú orúkọ agboolé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlú náà sórí àwòrán ilẹ̀ ti òní, kì í ṣe ti ayé bàbá yín. Ọjọ́ kan náà, 3 oṣù Kejì 1976, tí ìjọba Murtala Muhammed kéde pé Abuja ni yóò di olú-ìlú, ni wọ́n kéde Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó láti ara ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní 1991, Èkìtì jáde lára Oǹdó ní 1996. Ìsánlú ni tèmi, ní ilẹ̀ Okun. Ìwé bàbá mi, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tẹ̀, tí eruku ti pa àwòrán ojú rẹ̀ rẹ́, Kwara ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Tèmi, Kogi, nítorí pé wọ́n ti yọ wá kúrò ní Kwara ní 1991. Ìlú kan, agboolé kan. Ẹni tí ó bá da èyí kọ látinú ìwé bàbá rẹ̀ láìṣàyẹ̀wò yóò fúnra rẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀.

Bí ìran yín bá ti ibi méjì wá, ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í, nítorí pé ìlànà àjọ federal character kò gba kí ènìyàn di ìjọba ìbílẹ̀ méjì mú. Ẹ rí i dájú pé ohun tí ó wà lórí NIN bá ohun tí ẹ yàn mu.

Ní ti ìwé fúnra rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ìlú yín ni ẹ ó ti gbà á. Kì í ṣe ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fóònù béèrè kí ẹ tó wọkọ̀ láti Jabi ní Abuja. Ẹ múra pé wọ́n lè béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí káńsílọ̀, fọ́tò pélébé, ìwé ọjọ́ ìbí, àti ìwé òbí yín.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fiyè sí èyí dáadáa. Àjọ federal character sọ pé obìnrin tí ó lọ́kọ yóò máa jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tí ó ti wá. Ní oṣù Kọkànlá 2012, wọ́n dá adájọ́ obìnrin kan dúró lọ́jọ́ ìbúra sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, torí pé ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀, Abia, ni ó fi wọlé, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ Anambra. Ẹ̀yìn tí ariwo ta ni wọ́n tó búra fún un. Àbá tí ó dé iwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Kẹta 2022, pé kí ọdún márùn-ún nílé ọkọ sọ obìnrin di ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, kò di òfin. Ó dùn mí, mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí nínú ohun tí a ń béèrè kí ènìyàn tó dìbò. Abala 177, tí ó sọ ẹni tí ó lè du ipò gómìnà, kò béèrè rẹ̀. Abala 15 sì ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbikíbi.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra ìwé Abuja kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ má ṣe é. Ìbúra èké ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin. Ọmọ Gbagyi, Koro àti Gwandara, tí a sọ oko àwọn bàbá wọn di olú-ìlú, ni ipò yẹn tọ́ sí. 2018 ni Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ pé ó yẹ kí Abuja náà ní mínísítà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀.

Ọmọbìnrin náà pa Bwari rẹ́, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ agboolé wa?” Bàbá sọ ọ́. Ó béèrè wọ́ọ̀dù. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí ó mú sùúrù, kí òun pe ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ìsẹ́yìn.