Bí A Ṣe Ń Yẹ Àbá Wò Lórí Ìparí Géèmù Tí Kò Yanjú

Ní ilé géèmù kan ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jiyàn lórí ìparí Mass Effect 3 ti ọdún 2012 títí iná fi lọ. Àbá tí wọ́n ń jà sí ni pé àwọn Reaper, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ abẹ̀mí tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá nínú géèmù náà, ti gba ọkàn Shepard, akọni géèmù náà, tí ó fi jẹ́ pé inú orí rẹ̀ nìkan ni ìparí náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tí ojú rí kúrò lára ìtumọ̀ tí a fún un. Nígbà tí ọmọdékùnrin ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà ń gun ọkọ̀ òfurufú, kò sí ẹni tí ó nawọ́ ràn án lọ́wọ́: ohun tí ojú rí nìyẹn. Pé Shepard nìkan ni ó ń rí i, ìtumọ̀ ni. Ẹ padà lọ wo ibẹ̀ fúnra yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ohun tí ó lè já àbá náà nírọ́, nítorí àbá tí ó ń sọ gbogbo ẹ̀rí, títí kan èyí tí ó ta kò ó, di alátìlẹ́yìn rẹ̀ kò ṣàlàyé nǹkan kan. Extended Cut, àfikún ọ̀fẹ́ tí BioWare, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe géèmù náà, gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà, fi ohun tí ó tẹ̀lé ìpinnu Shepard hàn kedere, èyí sì ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ àbá yìí. Síbẹ̀, èémí kan ṣoṣo tí ẹnì kan tí ó jọ Shepard mí láàárín àwókù nínú ọ̀kan lára àwọn ìparí náà ṣì ń dà mí láàmú.